Kọ̀ǹpútà ilé: báwo la ṣe máa ti fáìlì wa pa, ta ni kọ́kọ́rọ́ sì máa wà lọ́wọ́ rẹ̀?

Akọ̀wé Ẹgbẹ́, Ìjẹ̀bú-Òde

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn, mo fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí i.

Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ kan níbí. Orí láptọ́ọ̀pù mi nílé ni gbogbo ìwé ẹgbẹ́ wà: orúkọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́, nọ́ńbà àkáǹtì báńkì wọn, ẹni tó yáwó àti iye tó kù lọ́rùn rẹ̀, àwòrán NIN àwọn oníduùró. Ìwé ilẹ̀ bàbá mi wà níbẹ̀, fọ́tò àwọn ọmọ mi láti kékeré náà wà níbẹ̀.

Oṣù mélòó kan sẹ́yìn, ojú láptọ́ọ̀pù yìí fọ́. Mo gbé e lọ bá ẹnì kan tó ń tún un ṣe. Ó ní kí n sọ páswọ́ọ̀dù fún òun, mo kọ ọ́ sórí bébà pélébé kan, ó fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn láptọ́ọ̀pù níṣojú mi. Ọjọ́ márùn-ún ló fi wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ìyẹn tí ẹnì kan fi pe ọ̀kan nínú àwọn ìyá ẹgbẹ́ wa tó ń ta gaàrí. Ó dárúkọ iye tí ìyá náà jẹ ẹgbẹ́ gan-an, kọ́bọ̀ kò yẹ̀ ẹ́. Ó ní ìjọba fẹ́ bá a san án, kó ka nọ́ńbà ara káàdì ATM rẹ̀ fún òun. Ọlọ́run ló yọ ìyá náà, ọmọ rẹ̀ wà nítòsí, ó já fóònù gbà. Èmi ni wọ́n wá bá. "Akọ̀wé, ta lo sọ fún?" N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. N kò lè búra pé ọ̀dọ̀ ẹni tó tún un ṣe ló ti jáde, ṣùgbọ́n n kò mọ ibòmíràn tí ì bá ti jáde.

Fódà náà ò tiẹ̀ hàn síta. Mo ti tẹ Hidden sí i tẹ́lẹ̀, mo rò pé ìyẹn ti tó. Windows 10 Home ló wà lórí láptọ́ọ̀pù mi. Ohun tí mo fẹ́ ni pé bí mo bá tún gbé e síta lọ́la, tàbí olè gbé e lọ, kí ìwé ẹgbẹ́ má di ohun tí ẹlòmíràn ń kà. Ẹ̀rù méjì ló ń bà mí. Èkíní, iná: wọ́n lè mú un lọ láàárín iṣẹ́. Èkejì, bí mo bá gbàgbé páswọ́ọ̀dù ńkọ́, tàbí kí n má sí láyé mọ́? Ìwé ẹgbẹ́ kì í ṣe tèmi nìkan.

Olùkọ́ Kọ̀ǹpútà, Ìjagun

Ẹ pẹ̀lẹ́, màmá. Ojú tó tì yín níwájú ẹgbẹ́ yẹn kò tọ́ sí yín.

Páswọ́ọ̀dù tí à ń tẹ̀ kí Windows tó ṣí, ìlẹ̀kùn iwájú ilé lásán ni. Ẹni tó bá gba ẹ̀yìn wọlé kò ní bá a pàdé rárá. Mo máa ń fi han àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi: màá tú ìdí láptọ́ọ̀pù, màá yọ háàdì dísìkì, màá kì í bọ inú páálí USB kékeré tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà, màá wá so ó mọ́ láptọ́ọ̀pù mìíràn. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá, gbogbo fódà á ti tò sílẹ̀ lójú wọn, ohunkóhun kò béèrè páswọ́ọ̀dù. Ti Hidden kò tiẹ̀ tó yẹn. Ẹ ṣí File Explorer, ẹ tẹ View, ẹ mú "Hidden items", fódà tí ẹ fi pamọ́ á yọjú.

Encryption lẹ̀ ń wá. Ìyẹn ni pé kí kọ̀ǹpútà yí gbogbo ohun tó wà nínú fáìlì padà di ìṣùpọ̀ tí kò ní ìtumọ̀, tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá yọ háàdì náà lọ kò ní rí nǹkan kan kà, àyàfi bí kọ́kọ́rọ́ bá wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ rántí ẹnà tí a máa ń fọ̀ lọ́mọdé. "Mo fẹ́ lọ" á di "mogo fẹ́gẹ́ lọgọ". Àwọn àgbà tí kò gbọ́ ọ á máa wò wá. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí àbúrò wa kékeré bá ti mọ̀ pé "g" la ń fi bọ̀ ọ́, àṣírí gbogbo ọ̀rọ̀ tí a ti fi ẹnà sọ ti tú, ti àná àti ti ọ̀la. Ibi tí ẹnà ti kù díẹ̀ káàtó nìyẹn: ọ̀nà tí a ń gbà sọ ọ́ ni àṣírí rẹ̀, kò sì sí ohun mìíràn lẹ́yìn rẹ̀. Lọ́dún 1883, Auguste Kerckhoffs, onímọ̀ kan nípa ọ̀rọ̀ àṣírí, kọ ọ́ pé ètò àṣírí tó dára gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí ọ̀tá lè mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kí ó má sì lè rí nǹkan ṣe sí i níwọ̀n ìgbà tí kọ́kọ́rọ́ kò bá sí lọ́wọ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni AES rí, ọ̀nà encryption tí ọ̀pọ̀ ètò ń lò lónìí. Àwọn ọmọ Bẹ́ljíọ̀mù méjì, Joan Daemen àti Vincent Rijmen, ló ṣe é. Gbangba ni wọ́n ti gbé e sílẹ̀ kí àwọn onímọ̀ gbogbo ayé gbìyànjú láti fọ́ ọ, Amẹ́ríkà sì sọ ọ́ di ìlànà ìjọba ní 2001. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ wà nínú ìwé fún ẹnikẹ́ni láti kà. Kọ́kọ́rọ́ yín nìkan ni kò sí níbẹ̀.

Nítorí náà, kì í ṣe ètò tí ẹ máa lò ló ṣòro nínú ọ̀rọ̀ yìí. Kọ́kọ́rọ́ ni. Màá padà wá sí ìyẹn.

Ayàwòrán, Ṣàgámù

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má jẹ́ kó sú yín, nǹkan tí ẹ lè ṣe láàárín wákàtí kan ni. Fọ́tò ìgbéyàwó àti ìkómọjáde àwọn oníbàárà ni iṣẹ́ mi, n kò sì fẹ́ kí fọ́tò ìyàwó oníyàwó máa rìn káàkiri. Ètò encryption kan tó ń jẹ́ VeraCrypt ni mo ń lò. Ọ̀fẹ́ ni, ó sì ń ṣiṣẹ́ lórí Windows Home tí ẹ ní. Ó ti wà láti 2013, orí ètò àtijọ́ kan, TrueCrypt, ni wọ́n ti mọ ọ́n. Àwọn tó ṣe TrueCrypt pa á tì ní 2014, ẹ má ṣe wa TrueCrypt sórí ẹ̀rọ yín níbikíbi tí ẹ bá rí i. Orí ìkànnì VeraCrypt fúnra rẹ̀ ni kí ẹ ti wa tiyín, ẹ má gbà á lórí fláàṣì ẹnikẹ́ni.

Bí mo ṣe ṣe tèmi rèé. Mo ṣí i, mo tẹ "Create Volume", mo mú "Create an encrypted file container", lẹ́yìn náà "Standard VeraCrypt volume". Ó béèrè ibi tí mo fẹ́ kó wà àti orúkọ tí màá pè é. Ẹ ṣọ́ra níbẹ̀ o! Orúkọ tuntun ni kí ẹ kọ. Bí ẹ bá tọ́ka sí fáìlì tó ti wà tẹ́lẹ̀, ó máa pa á rẹ́ kó tó ṣe tuntun sípò rẹ̀, kì í tì í pa. AES ló máa ń yàn fúnra rẹ̀, mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó béèrè bó ṣe máa tóbi tó. Fún ìwé ẹgbẹ́ àti fọ́tò ilé, 20 GB lè tó yín. Ó ní kí n tẹ páswọ́ọ̀dù. Lẹ́yìn ìyẹn ni ó ní kí n máa mi máọ̀sì káàkiri lórí ojú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń kánjú kọjá ibẹ̀. Ìrìn ọwọ́ yín tí kò ní ètò yẹn wà lára ohun tó fi ń mọ kọ́kọ́rọ́ tí kò jọ ti ẹlòmíràn. Ẹ máa wo ilà tó wà nísàlẹ̀: pupa ló máa kọ́kọ́ jẹ́, bí ẹ ṣe ń mi máọ̀sì ni á máa gùn, tó fi máa di àwọ̀ ewé. Ẹ mi ín dé ewé. Ẹ wá tẹ "Format".

Fáìlì kan ṣoṣo lẹ máa rí lẹ́yìn iṣẹ́ náà. Àpótí yín nìyẹn. Bí ẹ bá fẹ́ lò ó, ẹ yan lẹ́tà kan nínú VeraCrypt, ká ní M, ẹ tọ́ka sí àpótí náà, ẹ tẹ "Mount", ẹ tẹ páswọ́ọ̀dù. M á yọ nínú File Explorer bíi pé ẹ ki fláàṣì bọ̀ ọ́. Ẹ kó fáìlì sí i, ẹ ṣí wọn, ẹ ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Bí ẹ bá parí, "Dismount" (ẹ̀dà mìíràn á pè é ní Unmount). M á pòórá, àpótí á padà di ìṣùpọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò lè kà.

Nǹkan kan tó dà mí láàmú níbẹ̀rẹ̀: mo fẹ́ gbé àpótí 10 GB sórí fláàṣì, ó kọ̀. FAT32, ọ̀nà àtijọ́ kan tí wọ́n ń gbà to fáìlì sórí fláàṣì, ni wọ́n fi ṣe é, FAT32 kò sì lè gba fáìlì kan ṣoṣo tó tó 4 GB. Mo kó ohun tó wà lórí rẹ̀ kúrò, mo fi exFAT ṣe é, ó gbà á.

Bàbá Ìkẹ́nnẹ́

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi kí ẹ tó máa bá a lọ.

Ọdún mẹ́ta ni mo fi ń gba ohùn àwọn àgbà ìdílé wa sílẹ̀. Mẹ́rin ni wọ́n. Wọ́n sọ ibi tí a ti ṣí wá, ẹni tó kọ́kọ́ dá oko, orin tí wọ́n ń kọ ní ìsìnkú àgbà, oríkì tí àwọn ọmọ ìsinsìnyí kò mọ̀ mọ́. Mẹ́ta nínú wọn ti lọ. Orí láptọ́ọ̀pù tuntun kan ni mo kó gbogbo rẹ̀ sí. Ẹni tó tà á fún mi ló bá mi tò ó, ímeèlì ara rẹ̀ ló sì fi ṣí àkáǹtì Microsoft tó wà lórí rẹ̀, ó ní kó lè tètè yá. N kò mọ̀ pé ohunkóhun wà ní títì níbẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi.

Ó wá bàjẹ́, wọ́n pààrọ̀ bọ́ọ̀dù inú rẹ̀. Nígbà tí mo tàn án, ojú rẹ̀ di búlúù, ó ní kí n tẹ nọ́ńbà gígùn kan tó ní díjíìtì 48. Nọ́ńbà wo? Mo wá ẹni tó tà á lọ. Ó ti kúrò ní ṣọ́ọ̀bù yẹn, nígbà tí a sì rí i, ó ní òun kò rántí ímeèlì tí òun lò, ó pẹ́. Mo jókòó níwájú láptọ́ọ̀pù náà bí ẹni tó jókòó ti òkú. Gbogbo ohùn wọn wà nínú rẹ̀, ó pé pérépéré, n kò sì lè gbọ́ ọ̀kan. Nígbẹ̀yìn, wọ́n nù ún mọ́ kí n lè máa lò ó.

Títì dára. Ṣùgbọ́n ẹ mọ ibi tí kọ́kọ́rọ́ máa sùn kí ẹ tó tilẹ̀kùn.

Olùkọ́ Kọ̀ǹpútà, Ìjagun

Bàbá, ẹ kú ìrọ́jú. Ó dùn mí débi pé mo dìde kúrò nídìí fóònù kí n tó lè kọ èsì.

Ẹ̀yin tó ń kà á, ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Bàbá lè wà lórí láptọ́ọ̀pù yín báyìí láìjẹ́ pé ẹ mọ̀. Windows ní ètò tirẹ̀, BitLocker, láti ìgbà Windows Vista. Ẹ̀dà Pro ló ní odindi rẹ̀. Ẹ̀dà Home ní oríṣi kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Device encryption, bí ẹ̀rọ náà bá ní ohun tó ń béèrè. Lórí ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù tuntun tó ní Windows 11, ó ti máa ń tan ara rẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ bá kọ́kọ́ fi àkáǹtì Microsoft wọlé, inú àkáǹtì yẹn ló sì máa ń fi recovery key pamọ́ sí, ìyẹn nọ́ńbà gígùn tí Bàbá sọ. Bí àkáǹtì náà bá jẹ́ ti ẹni tó tà á, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ ilé yín wà. Bí wọ́n bá pààrọ̀ bọ́ọ̀dù, tàbí wọ́n tún BIOS (ètò tó ń jí ẹ̀rọ kí Windows tó ṣí) ṣe, ẹ̀rọ náà kò ní dá ara rẹ̀ mọ̀ mọ́, á sì béèrè nọ́ńbà oní-díjíìtì 48 yẹn, mẹ́fà-mẹ́fà lọ́nà mẹ́jọ. Microsoft fúnra wọn kò lè fún yín ní òmíràn.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lónìí. Lórí Windows 11, ẹ lọ sí Settings, "Privacy & security", kí ẹ wo bóyá "Device encryption" wà níbẹ̀. Lórí Windows 10, abẹ́ "Update & Security" ni ó wà. Bí ẹ kò bá rí i rárá, ẹ̀rọ yín kò ní in, VeraCrypt ló kù fún yín. Bó bá wà ní títàn, ẹ wọ account.microsoft.com/devices/recoverykey pẹ̀lú àkáǹtì yín, ẹ tẹ nọ́ńbà náà sórí bébà. Bí kò bá sí nínú àkáǹtì yín, ẹ pa encryption náà títí yóò fi tú gbogbo dísìkì sílẹ̀, ẹ fi ímeèlì tiyín wọlé, kí ẹ tó tún tàn án. Ìgbà tí ẹ̀rọ ṣì ń ṣí ni kí ẹ ṣe é.

Akẹ́kọ̀ọ́, Àgọ́-Ìwòyè

Bí ó bá ṣe pé Linux ni ẹnì kan ń lò dípò Windows bíi tèmi, ètò encryption tirẹ̀ ni LUKS. Nígbà tí ẹ bá ń gbé e sórí ẹ̀rọ ló máa béèrè, ẹ mú un nígbà yẹn, nítorí pé kò rọrùn láti fi sí i lẹ́yìn tí ẹ ti kó fáìlì sí i. Kọ̀ǹpútà Mac náà ní tirẹ̀, FileVault, inú Settings rẹ̀ lẹ ti máa tàn án.

Lórí ti páswọ́ọ̀dù, ẹ má kọ ọ́ síbì kankan o. Inú orí yín ni kó wà. Ohun tí wọ́n bá kọ sílẹ̀ ni wọ́n ń jí.

Olùkọ́ Kọ̀ǹpútà, Ìjagun

Àbúrò, n kò fara mọ́ ìyẹn. Ta lò ń sá fún? Olè tó gba fèrèsé wọlé lóru, láptọ́ọ̀pù ló ń wá, kò ní dúró tú Bíbélì tàbí ìwé ìdáná wò kó tó lọ. Ẹni tó ń tún ẹ̀rọ ṣe ní ìta kò lè dé yàrá màmá. Bébà tó wà nílé kò ṣí nǹkan kan fún àwọn méjèèjì. Bó bá jẹ́ ẹni tẹ́ ẹ jọ ń gbé nínú ilé lẹ̀ ń sá fún, ìyẹn yàtọ̀, kí bébà má sí nílé nìyẹn. Ṣùgbọ́n orí nìkan? Ibà lè gbé e lọ. Ọjọ́ orí ń gbé e lọ. Ikú ń gbé e lọ. Ẹ tún ìtàn Bàbá kà.

Bébà tí kò dára ni èyí tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn láptọ́ọ̀pù.

Akẹ́kọ̀ọ́, Àgọ́-Ìwòyè

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Mo gbà. Inú họ́sítẹ́ẹ̀lì ni mo ń gbé, ohun tí mo mọ̀ ni mo sọ.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́, Ìjẹ̀bú-Òde

Ẹ ṣeun púpọ̀, gbogbo yín. Bàbá, ọ̀rọ̀ yín kò jẹ́ kí n sùn dáadáa.

Báwo wá ni kí páswọ́ọ̀dù náà ṣe rí? Orúkọ àkọ́bí mi àti ọdún tí mo bí i ni mo ń lò látẹ̀yìnwá.

Olùkọ́ Kọ̀ǹpútà, Ìjagun

Ìyẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ fi sílẹ̀, màmá. Ẹni tó bá mọ̀ yín mọ̀ ọ́n. Oríkì yín náà kò dára, gbogbo ẹni tó ti kí yín rí ló mọ̀ ọ́n. Ẹsẹ Bíbélì tàbí òwe tí gbogbo ayé ń pa kò dára. Kọ̀ǹpútà ni yóò máa gbìyànjú rẹ̀, àìmọye ìgbà láàárín ìṣẹ́jú kan, ohun tí èèyàn sì máa ń yàn ló fi ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí dáìsì yàn án fún yín, nítorí pé dáìsì kò mọ orúkọ ọmọ yín. EFF, ẹgbẹ́ kan ní Amẹ́ríkà tó ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn èèyàn lórí ayélujára, tẹ àkójọ ọ̀rọ̀ Òyìnbó 7776 jáde ní 2016. Ẹ máa ju dáìsì lẹ́ẹ̀marùn-ún kí ẹ tó rí ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ mẹ́fà ni ẹ ó sì tò pọ̀. Èmi fẹ́ràn kí ọ̀rọ̀ jẹ́ Yorùbá, ó rọrùn fún mi láti rántí. Mo jókòó pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi, a kọ ọ̀rọ̀ 216 sílẹ̀, àwọn nǹkan inú ilé àti inú oko: ikoko, ewura, agboorun, igbale, ekuro. Ìdí tó fi jẹ́ 216 ni pé dáìsì mẹ́ta, mẹ́fà lọ́nà mẹ́fà lọ́nà mẹ́fà, ló máa ń mú ọ̀kan. Níwọ̀n bí àkójọ tiwa ti kéré, ọ̀rọ̀ mẹ́wàá la máa ń tò. Ẹ ṣírò rẹ̀: ọ̀rọ̀ mẹ́fà pẹ̀lú dáìsì márùn-ún, ọ̀rọ̀ mẹ́wàá pẹ̀lú dáìsì mẹ́ta. Ọgbọ̀n ìgbà lẹ ju dáìsì ní ọ̀nà méjèèjì, agbára wọn sì dọ́gba gẹ́lẹ́. Dáìsì lúdò àwọn ọmọ yín ti tó fún iṣẹ́ yìí.

Ẹ má yan ọ̀rọ̀ tó wù yín nínú ohun tí dáìsì mú wá. Bí ó bá mú "igbale igbale", ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ má sì fi àmì ohùn sí i nígbà tí ẹ bá ń tẹ̀ ẹ́, nítorí pé kíbọ́ọ̀dù ẹ̀rọ mìíràn lè má ní in, ẹ ó sì dúró síta ilé ara yín.

Ẹ kọ ọ́ sórí bébà, ẹ máa wò ó tẹ̀ ẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan. Ìka yín á mọ̀ ọ́n kí orí yín tó mọ̀ ọ́n.

Nọ́ọ̀sì, Òdógbólú

Ẹ jọ̀ọ́, ohun kan wà tí ẹ kò tíì sọ, mo sì ti rí i tó kó bá èèyàn. Bí ẹ bá da fáìlì kọ sínú àpótí VeraCrypt, èyí tó wà níta tẹ́lẹ̀ ṣì wà níta. Ẹ pa á rẹ́, ẹ kó Recycle Bin dànù, síbẹ̀ kò tíì kúrò lórí dísìkì. Windows kàn sọ pé àyè ibẹ̀ ti ṣófo ni. Ètò ọ̀fẹ́ bíi Recuva lè gbé e dìde. Bó bá jẹ́ háàdì dísìkì àtijọ́, èyí tó ń yí, ẹ ṣí Command Prompt, ẹ tẹ cipher /w:C:\ kí ó fi nǹkan mìíràn bo gbogbo àyè tó ṣófo. Ó máa pẹ́, ẹ ṣe é lọ́jọ́ tí iná bá dúró. Bó bá jẹ́ SSD, irú dísìkì tuntun tí nǹkan kan kì í yí nínú rẹ̀, ìyẹn kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé tán. Lórí SSD, ó sàn kí ẹ ti gbogbo dísìkì pa kí fáìlì àṣírí tó dé orí rẹ̀ rárá.

Ẹ tún wo àwọn ibi tí ẹ̀dà rẹ̀ sápamọ́ sí: fódà Downloads, WhatsApp orí kọ̀ǹpútà, fláàṣì tí ẹ fi gbé e lọ tẹ̀, ímeèlì tí ẹ fi ránṣẹ́ sí káfè. Ní ibi iṣẹ́ wa, orúkọ aláìsàn àti àìsàn rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ sí lórí fláàṣì tí a kò tì. N kò ṣe é torí òfin nìkan, ṣùgbọ́n òfin wà: Nigeria Data Protection Act ti 2023. Ìwé NIN àwọn oníduùró tó wà lọ́wọ́ akọ̀wé ẹgbẹ́, irú ohun tí òfin yẹn ń sọ ni.

Ayàwòrán, Ṣàgámù

Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni, nọ́ọ̀sì. Ẹ jẹ́ kí n dáhùn ti iná tí ẹ̀gbọ́n béèrè. Bí iná bá lọ nígbà tí BitLocker ń ti dísìkì pa, ibi tó dé ló ti máa bẹ̀rẹ̀ padà nígbà tí ẹ bá tún tàn án. Ti àpótí VeraCrypt, bí iná bá lọ nígbà tí ẹ ń ṣẹ̀dá rẹ̀, ẹ pa á rẹ́ kí ẹ ṣe òmíràn, kò tíì sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Ewu tó wà ni kí iná lọ nígbà tí àpótí wà ní ṣíṣí tí ẹ sì ń kọ nǹkan sí i. Bí bátìrì láptọ́ọ̀pù yín kò bá gbé e mọ́, ẹ rà á kí ẹ tó ṣe ohunkóhun. Ẹ máa ní ẹ̀dà kejì àpótí náà lórí fláàṣì, kí fláàṣì má sì sí nínú báàgì láptọ́ọ̀pù. Mo ti rí ẹni tí wọ́n gbé méjèèjì lọ pọ̀.

Inú Tools, "Backup Volume Header" wà níbẹ̀. Ẹ ṣe é. Orí àpótí náà ni kọ́kọ́rọ́ inú wà, bí ibẹ̀ bá bàjẹ́, páswọ́ọ̀dù yín kò lè ṣí i mọ́.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù fún mi rèé: bí ẹ bá kàn pa láptọ́ọ̀pù dé, ó ń sùn ni, kò kú. Àpótí tí ẹ ṣí ṣì wà ní ṣíṣí. Ẹ máa tì í, ẹ máa pa ẹ̀rọ pátápátá kí ó tó kúrò nílé. Àti pé nígbà tí àpótí bá ṣí sílẹ̀, fáírọ́ọ̀sì tó wà lórí ẹ̀rọ ń rí ohun tó wà nínú rẹ̀ bí ẹ̀yin ṣe ń rí i. Encryption kò sọ pé kí ẹ máa wa ètò tí ẹ kò mọ orísun rẹ̀.

Bí ẹ bá tún gbé e lọ tún ṣe, tó bá jẹ́ ojú rẹ̀ tàbí kíbọ́ọ̀dù ló bàjẹ́, wọn kò nílò páswọ́ọ̀dù yín láti pààrọ̀ rẹ̀. Èmi máa ń ní kí wọ́n yọ háàdì mi fún mi níṣojú mi, kí n mú un lọ sílé.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́, Ìjẹ̀bú-Òde

Ó kù ibi tí kọ́kọ́rọ́ máa wà. Mo ti ń ronú sí i. Kí a tó máa lo báńkì, àpótí owó ẹgbẹ́ wa ní agádágodo mẹ́ta. Kọ́kọ́rọ́ kan lọ́wọ́ alága, ọ̀kan lọ́wọ́ akápò, ọ̀kan lọ́wọ́ akọ̀wé. Kò sí ẹni tó lè dá a ṣí. Ṣé irú rẹ̀ ṣeé ṣe níbí?

Olùkọ́ Kọ̀ǹpútà, Ìjagun

Ó ṣeé ṣe, màmá, ó sì bọ́gbọ́n mu. Ọ̀rọ̀ mẹ́wàá ni páswọ́ọ̀dù yín bí ẹ bá lo àkójọ tiwa. Ẹ kọ márùn-ún àkọ́kọ́ sórí bébà kan fún alága, márùn-ún tó kù sórí òmíràn fún akápò. Ẹ kì í bọ àpòòwé, ẹ lẹ̀ ẹ́, ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kí ẹ fọwọ́ sí ojú ibi tí ẹ lẹ̀ kí a lè mọ̀ bí ẹnikẹ́ni bá ṣí i. Ẹnikẹ́ni nínú wọn kò lè dá ṣí àpótí. Bí nǹkan bá ṣe yín, àwọn méjèèjì á jókòó pọ̀. Ó ku díẹ̀ káàtó níbì kan: ẹni tó bá ní ìdajì kan, ọ̀rọ̀ márùn-ún péré ló kù fún un láti wá. Nítorí náà, ẹ sọ ọ́ di méjìlá, mẹ́fà-mẹ́fà.

Ìwé ẹgbẹ́ nìkan ni kí ó wà nínú àpótí yẹn. Fọ́tò àwọn ọmọ yín àti ìwé ilẹ̀, ẹ ṣe àpótí mìíràn fún un, kí kọ́kọ́rọ́ ti ìyẹn wà lọ́wọ́ ẹbí.

Kí ẹ tó pa ti ìta rẹ́, ẹ gbé ẹ̀dà àpótí náà lọ sórí kọ̀ǹpútà mìíràn, ẹ ka bébà náà, ẹ ṣí i níbẹ̀. Bí kò bá ṣí níbẹ̀, ẹ kò tíì ní ẹ̀dà kejì.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́, Ìjẹ̀bú-Òde

Mo ti ṣe é. Ọjọ́ Sátidé, èmi àti ọmọ mi obìnrin. A ju dáìsì lórí àtẹ lúdò, ó ń kà á, mo ń kọ ọ́. Mo mi máọ̀sì títí ilà fi di ewé. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo ṣí i lórí láptọ́ọ̀pù àbúrò mi, ó ní páswọ́ọ̀dù kò tọ̀nà, àyà mi já. Caps Lock ló wà ní títàn. Ìgbà kejì, ó ṣí.

Alága àti akápò ti gba àpòòwé wọn níwájú ìgbìmọ̀, a sì kọ ọ́ sínú ìwé ìpàdé pé wọ́n gbà á. Ìyá tó ń ta gaàrí wà níbẹ̀. Ó ní kí n ṣàlàyé rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, mo ṣàlàyé, ó ní ó dáa.

Ìbéèrè kan ló kù: mo máa ń fi àkọsílẹ̀ ìṣirò ránṣẹ́ sí olùṣirò owó wa ní Èkó lóṣooṣù. Ṣé kí n máa fi gbogbo àpótí ránṣẹ́ ni?

Akẹ́kọ̀ọ́, Àgọ́-Ìwòyè

Rárá, màmá. Ẹ lo 7-Zip, ètò tó ń di fáìlì pọ̀, fún ìyẹn, ọ̀fẹ́ lòun náà. Ẹ fi bọ́tìnì ọ̀tún máọ̀sì tẹ fáìlì náà, ẹ mú "Add to archive", kí ẹ yan 7z, ẹ tẹ páswọ́ọ̀dù tí ẹ̀yin àti òun nìkan mọ̀, kì í ṣe ti àpótí yín. Ẹ mú "Encrypt file names" náà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ orúkọ fáìlì á ṣì hàn. Ẹ fi fáìlì ránṣẹ́ nínú ímeèlì, kí ẹ pè é lórí fóònù láti sọ páswọ́ọ̀dù. Kí méjèèjì má gba ọ̀nà kan náà.

Bàbá Ìkẹ́nnẹ́

Akọ̀wé, o ṣeun tí o béèrè ọ̀rọ̀ yìí. Ẹnì kan ló kù nínú àwọn mẹ́rin tí mo sọ, àbúrò bàbá mi ni, ó wà ní Ìsarà. Mo lọ bá a lọ́jọ́bọ̀ tó kọjá, ó sì gbà kí a tún bẹ̀rẹ̀. Wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́wàá la ṣe lọ́jọ́ náà. Ọmọ tó wà ní Ṣàgámù yẹn wá bá mi nílé, ó ṣe àpótí náà fún mi, èmi ni mo mi máọ̀sì. Ẹ̀dà kan wà lọ́dọ̀ mi, ọ̀kan wà lọ́dọ̀ ọmọ mi obìnrin ní Ìbàdàn, àpòòwé wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní kó ṣí i nígbà tí a jọ wà lórí fóònù, kó jẹ́ kí n gbọ́ ohùn bàbá náà láti ọ̀hún. Mo gbọ́ ọ.